Orúkọ Ti Orísun, Kóòdù Tiwa: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Fork àti Ohun Tí Iṣẹ́ Wa Gbára Lé

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tó ń kọ kóòdù ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí a tún kọ sílẹ̀ fún kíkà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́. Orí rìsíìtì la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí ní kí ẹ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tẹ rìsíìtì fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá sanwó. Ẹ fi èdè Go kọ ọ́. Ẹ kò fẹ́ máa fọwọ́ ara yín to òpó orúkọ àti òpó owó, nítorí náà ẹ lọ mú láíbírì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní risiti, kí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ example.com/akoko/risiti, ẹ̀dà 1.4.2. Gbogbo nǹkan ń lọ geere títí orúkọ ìlú fi dé orí ìwé. Níbi tí “Lagos” wà, owó tò gúnlẹ̀ lápá ọ̀tún. Níbi tí “Ìjẹ̀bú” wà, owó yẹ̀ kúrò lórí ìlà.

Ohun tó fà á rèé. Láíbírì náà ń fi len wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó, báìtì sì ni len ń kà nínú Go, kì í ka lẹ́tà. Lẹ́tà márùn-ún ni ojú rí nínú “Ìjẹ̀bú”. Àmì 6 ni Unicode rí, nítorí pé “ẹ̀” kò ní àmì kan ṣoṣo tó dá dúró fún un: ẹ ni U+1EB9, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni U+0300, lọ́tọ̀. Nígbà tí UTF-8 bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, báìtì 11 ló gbà. Láíbírì wá rò pé ọ̀rọ̀ náà gba àyè 11, ó sì fi àlàfo mẹ́fà dín sí i. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣe é ní ìkà. Èdè tirẹ̀ ni kò lámì lórí.

Ẹ tún un ṣe. Kò ju ìlà mẹ́fà lọ: ẹ ka rune (orúkọ tí Go ń pe àmì Unicode kan) dípò báìtì, ẹ sì fo gbogbo àmì tó bá wà nínú ìsọ̀rí tí Unicode ń pè ní Mn, ìyẹn àwọn àmì tí kì í gba àyè fúnra wọn. Bí ẹ bá ka rune nìkan, 6 lẹ ó rí, owó yóò ṣì yẹ̀ ní àyè kan. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró síbẹ̀ tí wọ́n á ní ó ti parí. Ẹ fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ni láíbírì. Ọ̀sẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kò fèsì, ẹgbẹ́ sì ń retí rìsíìtì wọn. Ẹ ṣe fork: ẹ da gbogbo láíbírì náà kọ sábẹ́ orúkọ tiyín, kí ẹ lè máa tún un ṣe. Ti àkọ́kọ́ là ń pè ní orísun (upstream).

Títẹ bọ́tìnnì Fork kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n ètò tí ẹ kọ fún ẹgbẹ́ kò tíì mọ̀ pé ẹ ti ní tiyín.

Ta ni yóò dáhùn?

Kóòdù tí a yí padà nínú fork kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ ló ń dá a sílẹ̀. Gbogbo irinṣẹ́ tó ń kó láíbírì wá fún wa, go, npm (ti JavaScript), pip (ti Python), Cargo (ti Rust), orúkọ ni wọ́n fi ń mọ láíbírì, fork sì gbé orúkọ orísun rẹ̀ dání wá. Bí ọmọ méjì bá ń jẹ́ Adébọ̀wálé nínú agboolé kan, tí baálé bá pe Adébọ̀wálé, àfi kí ẹnìkan ti sọ tẹ́lẹ̀ èwo nínú wọn ló ń pè. Sísọ tẹ́lẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ wa lónìí.

Ọ̀rọ̀ kejì so mọ́ ọn: kì í ṣe gbogbo ẹni ló láṣẹ láti sọ ọ́. Nínú Go, nínú npm, nínú Cargo, iṣẹ́ olórí nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹ wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ àṣẹ pé kó kọ́. Láíbírì tó wà láàárín lè sọ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Irinṣẹ́ kò ní dá a lóhùn. Ẹni tó bá di nǹkan méjì yìí mú yóò mọ ìdí ọ̀pọ̀ àṣìṣe kó tó bá wọn pàdé.

Ṣé fork pọn dandan?

Bí ẹ bá lè wọn ọ̀rọ̀ fúnra yín kí ẹ tó gbé e fún láíbírì, ẹ kọ iṣẹ́ kékeré kan (function) síwájú rẹ̀, kí ẹ fi kóòdù orísun sílẹ̀ bó ṣe wà. Bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ kan péré lẹ ń lò nínú láíbírì náà, ẹ da iṣẹ́ kan yẹn kọ sínú ètò yín, kí ẹ fi ìwé àṣẹ rẹ̀ (license) sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ẹni tó ni left-pad yọ ọ́ kúrò lórí npm. Ìlà kóòdù 11 ni, kò sì ṣe ju pé ó ń fi àlàfo síwájú ọ̀rọ̀ lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ètò káàkiri ayé kọ̀ láti kọ́ lọ́jọ́ náà. Àlàfo ni tiwa náà ń tò. Ọ̀rọ̀ kò jìnnà.

Fork tọ́ nígbà tí àléébù bá wà nínú ikùn láíbírì tí ọwọ́ yín kò lè dé e láti ìta, tàbí nígbà tó bá jẹ́ láíbírì mìíràn tí ẹ ń lò ló ń lò ó, tí ẹ̀yin àti òun kò bára yín sọ̀rọ̀ tààrà.

Nínú Go

Ibi tí ẹ ti ya branch (ẹ̀ka kóòdù) ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ má ya á láti orí main, ẹ̀ka tí orísun ń ṣiṣẹ́ lé lórí lọ́wọ́. Ẹ̀dà 1.4.2 lẹ ti dán wò, òun ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Main lè ti kó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jọ tí wọn kò tíì gbé jáde. Bí ẹ bá ya á láti ibẹ̀, àtúnṣe ìlà mẹ́fà yóò kó àjèjì wọlé. Go.mod (fáìlì tó ń to ohun tí láíbírì gbára lé) inú main náà lè béèrè ẹ̀dà tuntun àwọn láíbírì mìíràn, Go sì máa ń mú ẹ̀dà tó ga jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n béèrè, nítorí náà ohun tí ẹ kò fọwọ́ kàn rárá yóò yí padà lẹ́yìn yín. Orí tag, àmì tí wọ́n fi sórí ẹ̀dà tí wọ́n gbé jáde, ni kí ẹ ya á:

git clone https://example.com/tiwa/risiti
cd risiti
git remote add upstream https://example.com/akoko/risiti
git fetch upstream --tags
git switch -c atunse v1.4.2

Ẹ ṣe àtúnṣe, ẹ fi ìdánwò kan tì í tí yóò kùnà bí àtúnṣe náà bá sọnù (ọ̀rọ̀ “Ìjẹ̀bú” fúnra rẹ̀ tó fún ìdánwò), ẹ ṣe commit, ìyẹn ni pé kí git kọ àyípadà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà:

git tag v1.4.3-tiwa.1
git push origin atunse v1.4.3-tiwa.1

Nọ́ńbà yẹn nídìí. Nínú semver, ètò tí a fi ń to nọ́ńbà ẹ̀dà, 1.4.3-tiwa.1 wà lẹ́yìn 1.4.2, ó sì wà ṣáájú 1.4.3. Ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ pé orí 1.4.2 la kọ́ ọ lé, kò sì ní dà á pọ̀ mọ́ 1.4.3 tí orísun yóò gbé jáde lọ́la. Ẹ má fún fork yín ní v1.4.3 láéláé nínú Go. Ọjọ́ tí orísun bá gbé tirẹ̀ jáde, nọ́ńbà kan yóò wà fún kóòdù méjì.

Ẹ má fọwọ́ kan ìlà module tó wà lókè go.mod inú fork. Ó ń sọ pé example.com/akoko/risiti ni orúkọ òun. Ẹ jẹ́ kó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ti àwọn ènìyàn láti yí i padà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ gbìyànjú go get example.com/tiwa/risiti, Go á sì kọ̀, á ní module náà “declares its path as” orúkọ kan, orúkọ mìíràn lẹ sì fi béèrè rẹ̀. Wọ́n á lọ yí ìlà module, wọ́n á yí gbogbo import inú láíbírì, àtúnṣe ìlà mẹ́fà á wá di àyípadà nínú gbogbo fáìlì. Orísun kò ní lè gba irú rẹ̀, ẹ̀yin náà kò sì ní lè bá orísun rìn mọ́. Replace, ìlà tó ń sọ fún Go pé kó mú láíbírì kan dípò òmíràn, ni ọ̀nà, inú go.mod ètò yín lẹ ó sì fi sí, kì í ṣe inú fork:

go mod edit -replace=example.com/akoko/risiti=example.com/tiwa/risiti@v1.4.3-tiwa.1
go mod tidy
go list -m example.com/akoko/risiti

Ìlà kẹta ni kí ẹ má fò. Ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ orísun hàn, kí ọfà => tẹ̀lé e, kí orúkọ fork wà níwájú ọfà. Bí kò bá sí ọfà, orísun lẹ ṣì ń lò. Bí ètò bá ti wà lórí sáfà, go version -m lórí fáìlì tí ẹ kọ́ yóò fi ọfà kan náà hàn yín, ẹ kò ní máa méfò ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ jù níbí ni replace tó tọ́ka sí fódà orí kọ̀ǹpútà ẹni, irú => ../risiti. Lórí kọ̀ǹpútà tiyín ó ń ṣiṣẹ́. Ẹnìkejì yín ní Ṣàgámù á fa kóòdù, kò ní fódà náà, kò ní kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí fork àti ètò lẹ́ẹ̀kan náà, go.work ni ẹ lò. Ó wà láti Go 1.18, ọdún 2022. Ẹ kọ go work init . ../risiti, kí ẹ sì fi go.work sínú .gitignore kó má bàa bá yín lọ sí ibòmíràn.

Bí láíbírì bá ti dé v2, /v2 wà nínú orúkọ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà lápá méjèèjì replace. Bí fork bá jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú GOPRIVATE. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, proxy.golang.org ni Go yóò lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn kò sì lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù kì í pariwo. Ká ní ẹ sọ apá kan ètò yín di láíbírì, ẹ pè é ní ajo, replace wà nínú go.mod rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Rẹ́mọ wá mú ajo lò nínú ètò tiwọn. Replace tó wà nínú ajo kò ní ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé ajo kì í ṣe iṣẹ́ olórí níbẹ̀. Go yóò mú risiti ti orísun wá, yóò kọ́ ọ láìsí àṣìṣe kankan, rìsíìtì wọn yóò sì máa yẹ̀ bí ti àkọ́kọ́. Kò sí ìkìlọ̀. Àwọn fúnra wọn ni yóò kọ replace sínú go.mod tiwọn, ẹ̀yin lẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, nínú README ajo, lókè pátápátá, kì í ṣe nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà dé. Nítorí ìdí kan náà, go install pẹ̀lú @ẹ̀dà máa ń kọ ètò tí replace bá wà nínú go.mod rẹ̀, ìyẹn ṣì pariwo, ó sàn.

Fún ẹni tí dátà ń wọ́n, tí nẹ́tíwọ̀kì sì ń lọ ń bọ̀, go mod vendor dára: ó kó gbogbo ohun tí ẹ gbára lé sínú fódà vendor, títí kan fork. Ẹ má kàn fi ọwọ́ tún kóòdù inú vendor ṣe. Ìgbà tí ẹ bá tún tẹ go mod vendor, yóò pa àtúnṣe yín rẹ́, go mod verify kò sì ní sọ nǹkan kan, nítorí kì í wo vendor.

npm àti ìdílé rẹ̀

JavaScript rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ó sì rọrùn láti fi tan ara ẹni jẹ. Ẹ lè kọ ọ́ sínú package.json pé risiti jẹ́ git+https://example.com/tiwa/risiti.git, kí ẹ fi # tì í, lẹ́yìn rẹ̀ kí commit tẹ̀lé. Commit ni o, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 rẹ̀, kì í ṣe orúkọ branch. Branch ń rìn. Ohun tí ẹ dán wò lónìí lè má jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn yóò fà wá lọ́la bí fáìlì lock, tó ń rántí ẹ̀dà gan-an tí ẹ fà wá, bá sọnù.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ohun tó wà lórí npm àti ohun tó wà nínú git kì í ṣe ọ̀kan náà. Lórí npm, wọ́n ti kọ́ ọ tán, fódà dist ti wà nínú rẹ̀. Nínú git, dist kì í sábà sí. Ẹ ó fi sí i, kò ní ṣàṣìṣe, ìgbà tí ètò bá fẹ́ lò ó ni yóò ní òun kò rí module. Ìwòsàn rẹ̀ ni script tó ń jẹ́ prepare nínú package.json fork: bó bá wà, npm yóò kó devDependencies fork náà wá, yóò kọ́ ọ kó tó fi sí ipò. Ẹ mọ̀ pé dátà ń lọ síbẹ̀, ìgbà mìíràn ju èyí tí ètò yín gan-an ń jẹ lọ. Bí ènìyàn púpọ̀ yóò bá lo fork náà, ẹ kúkú gbé e jáde lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì lo orúkọ àbísọ npm tó wà láti npm 6.9:

"risiti": "npm:@tiwa/risiti@1.4.3"

Lọ́nà yìí import inú kóòdù kò yí padà. Ẹ kíyè sí i pé níbí 1.4.3 kò léwu, nítorí orúkọ ti yàtọ̀.

Bí risiti bá jẹ́ ohun tí láíbírì mìíràn ń lò, overrides, tó ń pàṣẹ ẹ̀dà tí gbogbo wọn yóò lò, ni ẹ kọ sínú package.json iṣẹ́ olórí, npm 8.3 ló mú un wá, resolutions ni Yarn ń pè é. Bí ẹ bá tún ń lo risiti tààrà, ohun tí ẹ kọ sí dependencies àti ohun tí ẹ kọ sí overrides gbọ́dọ̀ bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ npm yóò ju EOVERRIDE sí yín. Lẹ́yìn náà, npm ls risiti. Bí ẹ bá rí i lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àdírẹ́sì tó yàtọ̀, méjèèjì ló wà nínú ètò. Ohun tí ọ̀kan dá sílẹ̀, èkejì kò ní mọ̀ ọ́n: instanceof á ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ẹ tò sínú ọ̀kan kò ní hàn nínú èkejì. Àwọn tó ń lo React mọ ọ̀rọ̀ “Invalid hook call”. React méjì nínú ètò kan wà lára ohun tó ń fà á, fork tó kọ React sí dependencies dípò peerDependencies (ohun tí láíbírì retí pé kí ètò tó ń lò ó ti ní) ló sì sábà ń kó èkejì wọlé.

Èrò wa lórí àtúnṣe ìlà mẹ́fà nínú JavaScript ni pé kí ẹ má ṣe fork rárá. Ẹ tún kóòdù ṣe nínú node_modules, fódà tí npm ń kó láíbírì sí, ẹ tẹ npx patch-package risiti. Yóò kọ fáìlì patches/risiti+1.4.2.patch, ẹ ó fi patch-package sí postinstall, ó parí. pnpm ní tirẹ̀, pnpm patch àti pnpm patch-commit. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí risiti bá yí padà tí ìlà kò bára mu mọ́, yóò kùnà lójú yín. A fẹ́ràn ohun tó bá ń kùnà lójú ẹni.

Python, àti Rust ní ṣókí

Nínú Python, ọ̀rọ̀ orúkọ tún lọ jìn, nítorí orúkọ méjì ni láíbírì ní: èyí tí pip fi ń mọ̀ ọ́n, àti èyí tí import fi ń pè é. Ẹni tó bá yí ti àkọ́kọ́ padà tó fi ti kejì sílẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀: pip yóò gbà pé láíbírì méjì ni, yóò fi méjèèjì sí i, wọ́n á sì kọ lu ara wọn nínú fódà kan nínú site-packages. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ẹ ó gé èkejì lẹ́sẹ̀. Pillow, tó jẹ́ fork PIL láti ọdún 2010, di import PIL mú kí kóòdù àtijọ́ lè máa ṣiṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí Pillow àti PIL kò fi lè gbé pọ̀ nínú Python kan.

Nítorí náà, orúkọ méjèèjì ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ yí ẹ̀dà nìkan sí 1.4.2+tiwa.1. Àmì + yìí ni Python fi ń mọ ẹ̀dà tí a tún ṣe nílé. Ó tóbi ju 1.4.2 lọ, ó sì tún tẹ́ ẹni tó bá béèrè ==1.4.2 lọ́rùn, nítorí náà láíbírì mìíràn tó ń béèrè risiti kò ní bá a jà. Nínú requirements.txt:

risiti @ git+https://example.com/tiwa/risiti@v1.4.2-tiwa.1

Ẹ lè fi commit rọ́pò tag. Ó sàn jù. Bí ẹ bá yí kóòdù padà tí ẹ kò yí nọ́ńbà ẹ̀dà, pip lè ní ohun tí ẹ béèrè ti wà ńlẹ̀. Àṣẹ --force-reinstall pẹ̀lú --no-deps yóò mú fork nìkan wá, kò ní tún gbogbo ìyókù fà. Bí ẹ bá sì ń rò ó láti gbé láíbírì tó ní irú ìlà git yìí nínú ohun tó gbára lé lọ sí PyPI, ibi tí pip ti ń fa láíbírì wá, ẹ má ṣe wàhálà, PyPI kì í gbà á. Kò gba ẹ̀dà tó ní + náà.

Nínú Rust, [patch.crates-io] nínú Cargo.toml tó wà lókè pátápátá ló ń ṣiṣẹ́ náà, pẹ̀lú git àti rev. Àṣìṣe kan péré ló pọ̀ níbẹ̀: ẹ̀dà tí fork ń jẹ́ kò bá ohun tí wọ́n béèrè mu. 1.4.3-tiwa.1 tó dára nínú Go kò tẹ́ “1.4.2” lọ́rùn nínú Cargo, nítorí ìlà-dàṣì ẹ̀yìn rẹ̀. Cargo yóò kìlọ̀ pé òun kò lo patch náà, yóò sì kọ́ ti orísun. Ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe àṣìṣe, ó sì ń kọjá lọ láàárín igba ìlà. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 1.4.2.

Ohun tí fork kì í gbé dání

Ẹ ṣí .gitmodules bí repo (ibi tí git ń tọ́jú kóòdù sí) náà bá ní submodule, ìyẹn repo mìíràn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ../, orí orísun ló ti ní ìtumọ̀. Lọ́dọ̀ yín, git yóò wá repo náà lábẹ́ orúkọ tiyín, kò sì ní rí i. Ẹ kọ àdírẹ́sì kíkún, kí ẹ tẹ git submodule sync --recursive.

Lórí GitHub, Actions, tó ń ṣe ìdánwò fúnra rẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ nínú fork títí ẹ ó fi lọ tàn án, ọ̀rọ̀ àṣírí orísun kò sì bá a wá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdánwò tí ẹ rò pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo commit lè má tíì ṣiṣẹ́ rí. Bọ́tìnnì Sync fork ń fa branch wá, kì í fa tag wá. Àwọn irinṣẹ́ bíi setuptools_scm sì ń wo tag kí wọ́n tó mọ ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́. Bí fork yín bá ń pe ara rẹ̀ ní 0.1.dev, tag ló sọnù: git fetch upstream --tags, lẹ́yìn náà git push origin --tags.

Ohun kan wà tó yẹ kó dẹ́rù bà yín díẹ̀. GitHub ń tọ́jú commit orísun àti ti gbogbo fork rẹ̀ pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè ṣe fork, kó fi nǹkan búburú sínú rẹ̀, kí commit náà sì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ àdírẹ́sì orísun bí ẹni pé ara rẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fún yín ní commit pé kí ẹ fi dè é, ẹ clone orísun kí ẹ tẹ git branch -r --contains pẹ̀lú commit náà. Bí kò bá sí branch kankan tó ní i, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i.

Bí orísun bá rìn síwájú

Orísun gbé 1.5.0 jáde. Ẹ má ṣe merge main wọn sínú branch atunse. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò ní mọ èwo ni tiyín nínú kóòdù náà mọ́. Ẹ gbé àtúnṣe yín kúrò lórí tag àtijọ́ sórí tuntun:

git switch -c atunse-1.5 atunse
git rebase --onto v1.5.0 v1.4.2
git range-diff v1.4.2..atunse v1.5.0..atunse-1.5

Range-diff ń fi ohun tó yí padà nínú àtúnṣe yín fúnra rẹ̀ hàn láàárín ìgbà méjì. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá gùn, ẹ jókòó kà á, ẹ má kàn gbà pé rebase ti yanjú rẹ̀. Ẹ fi tag tuntun sí i, v1.5.1-tiwa.1, ẹ yí replace. Ẹ má fi ipá push bo branch àtijọ́ mọ́lẹ̀: commit tí ètò kan ṣì so mọ́, tí branch tàbí tag kankan kò sì dì mú mọ́, lè pòórá lọ́jọ́ kan. Bí ìjà kan náà bá ń dé nínú gbogbo rebase, git config rerere.enabled true yóò máa rántí bí ẹ ṣe parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò ló ń jẹ́ kí fork wọ́n. Irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ àléébù, orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀dà ló fi ń wá a. Fork tó ní àdírẹ́sì mìíràn lè gba ìwé pé ara rẹ̀ le, nígbà tí àìsàn orísun wà nínú rẹ̀ digbí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí Log4Shell (CVE-2021-44228), àléébù inú láíbírì Java tó ń jẹ́ Log4j, bọ́ síta, Log4j gbé 2.15.0 jáde, 2.16.0 tẹ̀lé e, 2.17.0 tún tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ nínú oṣù kan náà. Ẹni tó ń lo orísun yí nọ́ńbà kan nígbà mẹ́ta. Ẹni tó ní fork tirẹ̀ fọwọ́ gbé àtúnṣe mẹ́ta, bó bá ti ẹ̀ gbọ́. Ẹ lọ sí repo orísun, kì í ṣe fork, ẹ tẹ Watch, ẹ yan Custom, kí ẹ mú Releases àti Security alerts. Kí orúkọ ẹnìkan pàtó wà tí yóò máa ka ìwé ìkìlọ̀ náà. Bó bá jẹ́ ti gbogbo wa, kò ní jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ìwé àṣẹ náà ń bá fork rìn. MIT ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Apache 2.0 fi kún un pé fáìlì tí ẹ bá yí padà gbọ́dọ̀ sọ pé a yí òun padà. Bó bá jẹ́ GPL, tí ẹ sì fi ètò náà lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè kóòdù rẹ̀.

Nígbà mìíràn, fork kò ní padà sílé mọ́. MariaDB kúrò lára MySQL ní 2009, LibreOffice kúrò lára OpenOffice ní 2010, OpenTofu kúrò lára Terraform ní 2023, Valkey kúrò lára Redis ní 2024. Gbogbo wọn ló gba orúkọ tuntun, wọ́n sì ní ènìyàn tó ń tọ́jú wọn lójoojúmọ́. Ìgbà yẹn ni yíyí ìlà module àti gbogbo import tọ́. Fún ènìyàn méjì tó ń tẹ rìsíìtì fún ẹgbẹ́ kan, kò tọ́.

Fún irú tiwa, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà replace, nínú go.mod gan-an, ìdí tó fi wà níbẹ̀ àti àdírẹ́sì àtúnṣe tí ẹ fi ránṣẹ́ sí orísun. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹnìkan ṣí àdírẹ́sì náà wò. Ọjọ́ tí orísun bá gba àtúnṣe, ẹ dúró kí ẹ̀dà tó ní i jáde, ẹ tẹ go mod edit -dropreplace=example.com/akoko/risiti, ẹ go get ẹ̀dà náà, ẹ tẹ go mod tidy, ẹ wò ó pé ọfà ti kúrò, kí ẹ sì tún tẹ rìsíìtì “Ìjẹ̀bú” kan, nítorí orísun lè gba àtúnṣe yín kí wọ́n sì tún un kọ lọ́nà tiwọn. Ẹ má wá pa fork rẹ́. Ètò tí ẹ ti kọ́ tẹ́lẹ̀, tí ẹ lè fẹ́ tún kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀ láti wá ìdí owó kan tí kò pé, go.mod rẹ̀ ṣì ń tọ́ka síbẹ̀. Archive ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ sì kọ sórí README rẹ̀ ẹ̀dà orísun tí àtúnṣe náà wà nínú rẹ̀.